Kọ́kọ́rọ́ Tí Jùwọ́n Fún Qanitah

"Jùwọ́n, nínú èmi àti ẹ̀rọ rẹ yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ọ́fíìsì yìí sílẹ̀ lónìí."

Ohùn Qanitah ni. Ó gba gbogbo yàrá, ó gba ojú fèrèsé bọ́ sójú ọ̀nà Ìyìn, débi pé ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò nísàlẹ̀ gbójú sókè, ó rò pé ìjà tọkọtaya ni.

"Kí ló tún ṣe ẹ́?" Jùwọ́n bi í. Kò yíjú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Iná rẹ̀ tún ti pọ́n. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ojú-ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́, ó ń lé e padà bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Ó ní àwòrán tí mo fi síbẹ̀ kì í ṣe ojú áàpù wa."

"Bó bá ní kì í ṣe é, kì í ṣe é. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Ẹni tó ṣe é ló ń purọ́. Dìde kó o wá wò ó, ọmọ tíṣà tí kì í gbọ́ àlàyé."

Jùwọ́n dìde. Ó wo àwòrán náà, ó wo ojú áàpù, ó tún padà wo àwòrán. Ó họrí.

"Aago ni," ó wí jẹ́jẹ́.

"Kí ni?"

"Aago tó wà ní igun òkè fóònù. Nínú àwòrán rẹ, àárọ̀ ni. Nísinsìnyí, ọ̀sán ti pọ́n. Ó rò pé nǹkan ti yí padà."

"Ẹ bá mi gbọ́, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì. Èmi ń kọ bí wọ́n ṣe ń bọ ìrẹsì, wọ́dà ẹ̀wọ̀n yìí ń bi mí pé aago mélòó ló lù."

Olúfúnkẹ́, tó ń tọ́jú ìṣirò ilé-iṣẹ́ níbi tábìlì ẹnu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti ń pe ẹ̀rọ Jùwọ́n ní Wọ́dà.

Ọ̀gá Olúmúyìwá ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Áàpù ni wọ́n ń ṣe, èyí tí àwọn tó ń bọ ìrẹsì ní Igbemo àti agbègbè rẹ̀ fi ń darí àgbá onírin ńlá kan. Ooru omi ló ń bọ ìrẹsì nínú àgbá náà kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀. Qanitah ló ń kọ ìwé ìlò: tẹ ibí, dúró, ṣí ibẹ̀. Orí fóònù ẹni tó dúró ti àgbá ni ìwé náà ń jáde sí. Ṣùgbọ́n áàpù kì í dúró sójú kan. Bí àwọn Jùwọ́n bá yí bọ́tìnì kan padà lónìí, ìwé àná ti di irọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ní kí Jùwọ́n ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa yẹ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan wò kó tó jáde. Wọ́dà á wo àwòrán, á wo orúkọ bọ́tìnì, á sì tẹ̀ lé ohun tí ojú-ìwé wí lórí áàpù fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí òṣìṣẹ́ ṣe máa ṣe é gan-an. Bó bá bá a mu, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ojú-ìwé á kọjá. Bí kò bá bá a mu, iná pupa. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ojúsàájú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ojú nìkan ni ìfẹ́ ń gbà wọlé. Ìjà ló gbà wọlé sọ́dọ̀ àwọn méjì yìí. Jùwọ́n kọ́ Wọ́dà kó má wo aago mọ́. Kò pẹ́ tí Wọ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nítorí bátìrì fóònù tó lọ sílẹ̀. Jùwọ́n tún un ṣe. Ló bá di ọjọ́ kan tí iná tún pọ́n, Qanitah sì ní òun kò ní bá ẹnikẹ́ni jà kí òun tó fojú òun rí i. Ó wo àwòrán tí Jùwọ́n fún Wọ́dà láti máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Orí fóònù ara rẹ̀ ni Jùwọ́n ti yà á, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i sì ti já bọ́ sójú rẹ̀ lásìkò náà.

Qanitah kà á sókè fún gbogbo ọ́fíìsì. "'Jùwọ́n, ṣé o ti jẹun?' Màmá rẹ ló ń bi ẹ́. Dá wọn lóhùn, ọkùnrin."

Ojú ti Jùwọ́n. "N kò tíì jẹun," ó wí.

Qanitah ṣí báàgì rẹ̀. Ó fa àwo oúnjẹ rẹ̀ jáde, ó bu ìdajì sórí ìdérí, ó tì í sí i. "Jẹ ẹ́. Kí Wọ́dà má baà tún ní mo febi pa bàbá òun."

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, wọ́n ti ń jọ jẹun lójoojúmọ́. Wọ́n ṣì ń jà. Qanitah kò lọ sí yunifásítì kankan. Inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ bàbá rẹ̀ ní Òkè-Ìlá nílùú Adó ló ti fi fóònù kọ́ gbogbo iṣẹ́ tó mọ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n kó mú un jẹ. Jùwọ́n gba oyè tirẹ̀, ó sì jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí obìnrin náà bá sọ mẹ́wàá, á fi ọ̀kan dá a lóhùn, ọ̀kan náà á sì dún lọ́kàn rẹ̀ títí dilé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Wọ́dà ti fojú rẹ̀ rí màbo, Jùwọ́n fa àga sún mọ́ ọn.

"Mo fẹ́ fún ẹ ní nǹkan."

"Kí ni? Òrùka?"

"Ó ju òrùka lọ." Ó tẹ lẹ́tà méjì péré sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀: FÒ. "Bó o bá kọ ọ́ sókè ojú-ìwé kan, Wọ́dà á fo ojú-ìwé yẹn. Kò ní yẹ nǹkan kan wò níbẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo fún. Ọ̀gá pàápàá kò ní in."

Qanitah wo lẹ́tà méjì náà. "Kí ló dé tó o fún mi?"

"Mo gbẹ́kẹ̀ lé ẹ ju ẹ̀rọ mi lọ."

Olúfúnkẹ́, tí etí rẹ̀ kì í sùn, kọ hàà níbi tábìlì rẹ̀. "Wọ́n ń fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní góòlù, ìwọ gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n. Ẹ kú oríire o. Ta ni n ó lọ bá nílé yín?"

*

Olúfúnkẹ́ náà ló sì lọ, torí òun ló sọ ara rẹ̀ di alárinà. Ó bá Mọ́nsúrù, bàbá Qanitah, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń ran ọrùn jàlàbíà.

"Ẹ kú uṣẹ́, Bàbá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Wíwá rẹ mú ọ̀rọ̀ wá. Mo rí i lójú rẹ."

Olúfúnkẹ́ kúnlẹ̀, ó sọ tẹnu rẹ̀. Mọ́nsúrù kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ títí ó fi parí.

"Ta ni bàbá rẹ̀?"

"Wọ́n ti ṣaláìsí, Bàbá. Tíṣà ni wọ́n. Ìgèdè ni ilé wọn."

"Mọ́sálásí wo ni wọ́n ń lọ?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni, Bàbá. Áńgílíkà."

Ẹ̀rọ dúró. "Ìwọ náà ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí ọmọkùnrin mi Fúàdì bá wá sílé yín lọ́la pé àbúrò rẹ lòun fẹ́, ṣé bàbá rẹ á fún un ní omi mu?"

Olúfúnkẹ́ ṣa òwú tó já bọ́ sílẹ̀, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ.

"Máa lọ ulé, ọmọ mi. Bá mi kí àwọn ará ilé."

Qanitah kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó bá bàbá rẹ̀ jà ní gbọ̀ngán, ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ kì í fi ọmọ ṣe pákó ìlẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ ní òun kò bí pákó, ẹnu lòun bí. Àdùnní, ìyá rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo nígun gbọ̀ngán, kò dá sí i. Bí obìnrin yìí ṣe rí nìyẹn: ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni olóhùn ilé, òun a máa gbọ́.

Fúàdì ló ṣí ọ̀nà. Ó ti parí ilé-ìwé gbogboǹṣe, iṣẹ́ kò sí, bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló sọ di ibùsùn ọ̀sán. Jùwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà níbẹ̀ láti kí i, tí Mọ́nsúrù á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Wọ́n á sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á sọ̀rọ̀ fóònù. Lọ́jọ́ kan Jùwọ́n mú un lọ sí Igbemo, sọ́dọ̀ àwọn tó ń lo áàpù wọn, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ nídìí àgbá ìrẹsì. Nígbà tí Fúàdì fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ra aṣọ fún bàbá rẹ̀, Mọ́nsúrù tẹ́ aṣọ náà sórí itan, ó fọwọ́ pa á.

"Pè é wá," ó wí fún Qanitah.

Jùwọ́n dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde. Ẹni tó rí iṣẹ́ fún ọmọ mi ọkùnrin, ojú ń tì mí láti máa lé e nítorí ọmọ mi obìnrin. Ṣùgbọ́n gbọ́. Níbí la ó ti so yìgì. Kò sì sẹ́ni tó máa yí orúkọ ọmọ mi padà."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Mi ò tíì parí. Kí ìyá rẹ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ẹ. N kò ní fi ọmọ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n á ti máa yínmú sí i."

Ìyá Jùwọ́n nìyẹn, Màmá Rẹ̀mílẹ́kún, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo Ìgèdè ṣì ń bẹ̀rù bí ẹni pé pàṣán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jùwọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Olúfúnkẹ́ lọ, Màmá fún un ní omi, ó fún un ní iyán, ó sì kọ̀. Ó ní òun kò ní nǹkan kan sí Mùsùlùmí, àwọn ló jọ ń gbé láti kékeré. Ṣùgbọ́n òun kò bí ọmọ kan ṣoṣo kí ọmọ-ọmọ òun má lè jókòó ti òun nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Oṣù ń yí lu oṣù. Ìgbà mìíràn wà tí Qanitah á wo Jùwọ́n níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, á bi ara rẹ̀ pé ṣé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni, àbí ọkàn òun kàn ń kọ̀ láti jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ̀. Jùwọ́n á gbójú sókè, á rẹ́rìn-ín músẹ́, ìbéèrè náà á sì fò lọ.

Nígbà tó yá, ìpè dé. "Màmá ní kó o wá lọ́la," Jùwọ́n sọ fún un. "Kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n ní bó o bá pẹ́, àwọn ti rí èsì àwọn."

*

Ọjọ́ náà gan-an ni áàpù tuntun máa jáde. Jùwọ́n ti gbàyè lọ sí Ìgèdè láti àárọ̀. Ọ̀gá Olúmúyìwá dúró láàárín yàrá, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní lọ sílé àfi bí gbogbo ojú-ìwé bá ti kọjá lọ́wọ́ Wọ́dà. Ti Qanitah ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, iná ewé, iná ewé. Ó ku ọ̀kan: "Bí a ṣe ń ṣí àgbá."

Ó fi ránṣẹ́. Iná pupa.

Ó wo aago ògiri. Oòrùn ti ń tẹ̀ sí ọ̀nà Ìyìn. Ojú-ìwé yìí ti wà láti ọdún tó kọjá, òun kò fọwọ́ kàn án, kí ló lè ṣe é? Ó tún un fi ránṣẹ́. Iná pupa. Àlàyé wà lábẹ́ rẹ̀ bí Wọ́dà ti máa ń ṣe é, ọ̀rọ̀ gígùn, àwòrán, orúkọ bọ́tìnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, fóònù rẹ̀ sì dún.

"Níbo lo dé?" Jùwọ́n ni. "Wọ́n ti jókòó síta. Wọ́n ń wo ọ̀nà."

"Mo ti wà nínú mọ́tò," ó purọ́.

"Qanitah, jọ̀wọ́."

Ó pa fóònù. Aago ni, ó wí nínú ara rẹ̀. Bí kì í bá ṣe aago, bátìrì ni. Ọkàn kan ní kó kà á tán. Ọkàn kejì ní, ta ló máa fẹ́ ẹ lẹ́yìn èyí, tó bá ti fi àwòrán àgbá sọ ọkọ nù? Ó tẹ lẹ́tà méjì náà sókè ojú-ìwé. Iná ewé. Ó gbá báàgì rẹ̀ mú, ó sá bọ́ sílẹ̀.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó dé Ìgèdè. Màmá Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gíláàsì lójú. Qanitah kúnlẹ̀. Màmá kò ní kó dìde.

"Wọ́n ní o lẹ́nu."

"Mo lẹ́nu, mà."

"Wọ́n ní ìwé lò ń kọ."

"Ìwé ìlò, mà. Fún àwọn tí kò mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́."

"Tíṣà ni ìwọ náà nìyẹn." Màmá yọ gíláàsì rẹ̀. "Bí ọmọ mi bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí lo máa máa ṣe?"

"N ó lọ aṣọ rẹ̀, mà. N ó sì se oúnjẹ dè é. Bí àwẹ̀ mi bá dé, kó má jẹun lójú mi."

Èrín fẹ́ bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ó mú un mọ́ra. "Kò sí irọ́ lẹ́nu rẹ. Èyí tó ń parọ́ fún mi pé òun máa yípadà ni n ò bá lé." Ó na ọwọ́ sí i. "Dìde ńlẹ̀. Iyán ti tutù. N ó wá rí bàbá rẹ."

Lójú ọ̀nà Adó, nínú mọ́tò, Jùwọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn kò sọ̀rọ̀. Qanitah kò rántí Wọ́dà.

*

Nínú áàpù àtijọ́, bí a bá tẹ Parí, iná á kú, ooru á sì tú jáde nínú àgbá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí ìdérí. Nínú èyí tuntun, Parí kàn ń pa iná ni. Wọ́n ti dá bọ́tìnì mìíràn sílẹ̀ fún ooru, ẹni tó bá sì ṣí ìdérí láìtẹ̀ ẹ́ ń ṣílẹ̀kùn fún ikú. Ojú-ìwé Qanitah kò mọ bọ́tìnì yẹn rárá. Tẹ Parí, ó wí, kí o sì ṣí ìdérí.

Ọ̀sẹ̀ tuntun kò tíì rinlẹ̀ tí wọ́n pè wọ́n láti Igbemo. Fúàdì ni. Ooru gbé ìdérí sókè, ó gbá a lójú, ó gbá a láyà, ó bó o títí dé ìdí.

Qanitah kò dá ọmọ náà mọ̀ lórí ibùsùn ọsibítù. Òwú ni wọ́n fi dì í. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù. Ìyá wọn jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin, kò kúrò níbẹ̀ tọ̀sán tòru.

Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ọsibítù ni Jùwọ́n ti bá Qanitah. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Mo ti wo ojú-ìwé náà," ó wí.

Qanitah jókòó sórí gbòǹgbò igi náà. Òun náà ti wò ó.

"Ọ̀gá ti ń béèrè. Bàbá rẹ náà máa béèrè. Gbọ́ mi. Èmi ni mo ṣe Wọ́dà. Èmi ni mo ṣe kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà rárá. Èmi ni n ó sọ pé mo fò ó."

"Jùwọ́n."

"Ìwọ ni wọ́n bí sílé yẹn. Bí wọ́n bá lé mi, mo ní ibi tí mo ń lọ. Níbo ni ìwọ ń lọ?"

Ẹnu tí kò bẹ̀rù ọ̀gá, tí kò bẹ̀rù bàbá, ẹnu náà dì pa. Ó yẹ kó ní rárá. Ó wo ẹrù tí Jùwọ́n fẹ́ bá a gbé, ó sì jẹ́ kó gbé e.

Fúàdì kú kí Jímọ̀ tó dé. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Níbi ìsìnkú ni Jùwọ́n ti dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀ níwájú Mọ́nsúrù, ó ní òun lòun yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò lára ìwé náà. Mọ́nsúrù wò ó bí ẹni wo ihò.

"Ìwọ lo mú un lọ síbẹ̀," ó wí. "Ìwọ náà lo pa á. Má jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ ní Òkè-Ìlá mọ́ láyé."

Ọ̀gá Olúmúyìwá lé Jùwọ́n kúrò níṣẹ́. Wọ́n fún Qanitah láyè kó sinmi, torí òun ló ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń gbá a mọ́ra, wọ́n ń ṣépè fún ọmọ tíṣà tó pa àbúrò rẹ̀. Ó ń ṣe àmín. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: ó ń ṣe àmín.

Olúfúnkẹ́ nìkan ni kò bá wọn ṣépè. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó bá a níbi tó ti ń fọ aṣọ.

"Mo jókòó ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn," ó wí. "Jùwọ́n ò sí níbẹ̀. Ìwọ ni mo rí tó o sá jáde."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Èmi? Alárinà ni mí, mi ò kì í ṣe mọ́láìkà. Ọkùnrin yẹn ò jẹun mọ́. Ìyá rẹ̀ ní òun máa wá bẹ bàbá rẹ lẹ́yìn fìdáù ogójì. Ó ní bí ọmọ òun bá tilẹ̀ ṣẹ̀, òun kò bí apànìyàn. Bí bàbá rẹ bá lé wọn lọ́jọ́ yẹn, ó parí. Mo ti fara balẹ̀ sọ ọ́ fún ẹ."

Fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, Qanitah ń wọn ọ̀rọ̀ náà wò bí bàbá rẹ̀ ṣe ń wọn aṣọ. Bí òun bá sọ ọ́, bàbá òun kò ní rí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn Jùwọ́n mọ́. Bàbá òun á bínú, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un báyìí. Ṣé yóò tún sọ ìyẹn nù? Á lù mí, ó rò ó. Á sunkún. Lẹ́yìn náà, á fún mi lọ́kọ mi.

*

Àwọn ààfáà ti lọ, wọ́n ti palẹ̀ àwo mọ́, nígbà tí Màmá Rẹ̀mílẹ́kún wọlé pẹ̀lú Olúfúnkẹ́. Jùwọ́n ń tẹ̀ lé wọn, ó ti rù débi pé ẹ̀wù ń jó lára rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tí gbogbo Ìgèdè ń bẹ̀rù kúnlẹ̀ lórí ẹní níwájú télọ̀.

"Ẹ dìde, Màmá," Mọ́nsúrù wí. "Ẹ jù mí lọ."

"N kò ní dìde. Ọmọ kan ni mo ní. Bó bá ṣe ibi, èmi ni mo bí i. Ẹ dárí jì wá."

"Mo ti dárí jì í. Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ẹ má dá a sílẹ̀. Mi ò lè máa wo ẹni tó pa Fúàdì kó máa pè mí ní bàbá."

Jùwọ́n tẹ orí ba. Olúfúnkẹ́ wo Qanitah.

"Kì í ṣe òun," Qanitah wí.

Gbogbo wọn yíjú.

"Kì í ṣe òun, Bàbá. Ìgèdè ló wà lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni. Ẹ̀rọ ń sọ fún mi pé ìwé ò dáa, mi ò kà á. Mo fẹ́ tètè dé ọ̀dọ̀ màmá. Èmi ni mo ní kó fò ó. Ó ń fi ara rẹ̀ bò mí ni."

"Òótọ́ ni?" Mọ́nsúrù bi Jùwọ́n.

Jùwọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mọ́nsúrù jókòó bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ti darúgbó kí ó tó ṣí i. "Mo ti ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ," ó wí. "Mo ti lé e lójú oórì." Ó yíjú sí Màmá Rẹ̀mílẹ́kún. "Ẹ wá bẹ̀ mí, èmi ló yẹ kí n bẹ̀ yín. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí ọmọ yín mọ́."

Ọkàn Qanitah fò sókè. Ojú ń tì í pé ó fò, ó sì fò náà. Ó rí i tí Jùwọ́n gbójú sókè wò ó.

"Ṣé a tún lè máa tọrọ ọmọ, Bàbá?" Màmá Rẹ̀mílẹ́kún béèrè, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́.

"Ẹnu mi ti gé," Mọ́nsúrù wí. "Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àdùnní, o ti gbọ́. Kí lo wí?"

Àdùnní jókòó síbi tó máa ń jókòó, ní igun gbọ̀ngán. Kò gbé ohùn sókè.

"Mo ti mọ̀ láti ọsibítù," ó wí.

Mọ́nsúrù yíjú sí i.

"Ẹ lọ kírun lọ́jọ́ kan, ó ku èmi àti ọmọ mi. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣí i. Ó ní òun rí bọ́tìnì tuntun kan lójú áàpù, ọwọ́ òun sì dúró. Ó ní òun padà lọ ka ìwé, bọ́tìnì náà ò sí níbẹ̀." Ó wo Qanitah. "Mo mọ̀ pé ìwọ lò ń kọ ọ́. Mo ń wò ẹ́ tó ò ń ṣe àmín sí èpè. Mo ní kí n má sọ ọ́, o máa sọ ọ́ fúnra rẹ, nítorí àbúrò rẹ. Ìgbà tó di ti ọkọ lo tó rẹ́nu sọ ọ́."

"Màámi," Qanitah wí. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Àdùnní kò gbọ́ ọ. Ìyá Jùwọ́n ló kọjú sí. "Ẹ wá tọrọ ọmọ, mo ti fún yín. Ẹ má dájọ́, ẹ má gbé nǹkan kan wá. Ẹ mú un lọ báyìí, pẹ̀lú aṣọ tó wà lára rẹ̀, kó má sì padà wá kí mi."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo bi Fúàdì pé, kí wá ló dé tó o tún fi ṣí i, nígbà tí ọwọ́ rẹ ti dúró? Ó ní, 'Àǹtí Qanitah ló kọ ìwé yẹn, Màámi. Bó bá léwu ni, wọ́n á ti sọ fún mi.'"